Mo wa lodo ibu

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù
tí Sìfáwù ti ń gbá ilẹ̀kùn mi bí ẹni tí iná ń lé.
Bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, ìkejì lófo;
ìṣẹ́tí ìró rẹ̀ tutù, omi ń kán tó, tó, sórí pèpéle.
"Tíṣà, ẹ bá mi kà á. Ojú mi ti rí i,
ọkàn mi ni kò fẹ́ gbà á."
Ó na fóònù sí mi.
Lẹ́tà mọ́kànlá, láti ọwọ́ Mùkáílà
tó wà ní Màléṣíà, níbi tí oòrùn ti fi wákàtí méje ṣáájú tiwa:
Mo wa lodo ibu.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá
nílé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn rélùwéè, l'Óṣogbo níbí.
Mo na Mùkáílà fúnra rẹ̀ nítorí àmì ohùn.
Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí kò lámì, ilé tí kò nílẹ̀kùn ni,
ẹni tó bá wù ló lè wọ ibẹ̀."
Ó sunkún, ó fi apá nu imú,
ó sì dàgbà tán, kò fi àmì kankan sí i.

Ọ̀dọ̀ ta ló wà?
Àbí inú odò ni, nínú ibú?
Mo wo ọ̀rọ̀ náà lọ, mo wò ó bọ̀.
Mo fẹ́ sọ pé ìbú ni, ìbú aṣọ, ìbú pápá,
bóyá ọmọ ń wọn ilẹ̀.
Sìfáwù wò mí, mo panu dé.
Ṣé ẹni tó rì a máa tẹ fóònù? Mi ò bi í.
Ẹ̀rù kì í gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀.

A pè é. Kò lọ. A tún un pè.
Káàdì tán. Mo fi owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ra òmíràn
lọ́wọ́ ọmọ kan tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù l'Álékúwodò;
orúkọ àdúgbò náà gan-an ń bà mí lẹ́rù lójú ọ̀nà.

Nígbà tó wọlé, obìnrin àgbà kan ló gbé e,
ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu:
"Ini Ibu," ó ní. "Ini Ibu."
Sìfáwù figbe ta: "Ìní ibú!
Tíṣà, ẹ gbọ́, ó ní ọmọ mi ti di ìní ibú!"
Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Ìgbà náà la gbọ́ Mùkáílà, oúnjẹ kún un lẹ́nu:
"Ìyá mi, ẹ dìde. Onílé mi nìyẹn.
Ìyá ni wọ́n ń pè ní ibu níbí.
Àtàǹpàkò pàápàá, ìyá ìka ni wọ́n ń pè é.
Ibà ló mú mi, ó ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ òun.
Ikan ló fi se ọbẹ̀ fún mi."
"Ikán kẹ̀? Ikán tó ń jẹ òrùlé?"
"Ẹja ni, ìyá mi. Ẹja."
Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí omijé wà nísàlẹ̀ rẹ̀,
títí tó fi dákẹ́ lójijì, tó wá béèrè jẹ́jẹ́:
"Òun náà lo wá ń pè ní ìyá?"
Fóònù dákẹ́. Mo ka eení, èjì, dé ẹ̀fà.
"Ibu ni mò ń pè é," ọmọ náà fèsì.

Ilẹ̀ mọ́. Mo bi í léèrè ìró tó tutù.
Ó ní etí Ọ̀ṣun lòun kọ́kọ́ sáré lọ, nísàlẹ̀ afárá,
òun ti ẹsẹ̀ bọ omi, òun ń pe orúkọ rẹ̀.
"Mo mọ̀ pé Màléṣíà kọ́ nìyẹn, Tíṣà.
Ṣùgbọ́n odò wo ni mo tún mọ̀?"

Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ ránṣẹ́ sí obìnrin náà:
Ibu, e ku itoju.
Ìka mi ti ń wá àmì kiri, ó di ọwọ́ mi mú.
"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ó jinlẹ̀ tó."
Mo fi í ránṣẹ́.
Lẹ́yìn náà la lọ wá bàtà kejì.